Abo tòlótòló tó ní irùngbọ̀n, àgbébọ̀ tó ń kọ

   Ọ̀rọ̀ òní, ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ènìyàn wà nínú rẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan

Ní abúlé kan ní ìhà Kétu, ìyá àgbà kan wà tó ń sin adìẹ. Opó ni. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ abúlé rẹ̀. Nínú adìẹ rẹ̀, àgbébọ̀ dúdú kan wà tó ti yé, tó ti sàba, tó ti pamọ lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó yá, àgbébọ̀ yìí kò yé mọ́. Ògbe orí rẹ̀ ń tóbi sí i, ó ń pọ́n sí i. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó na ọrùn, ó kọ. Ó kọ bí àkùkọ.

Àwọn ará ilé sá jáde. Wọ́n ní èèwọ̀ ni. Wọ́n ní irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ lásán. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ara ọmọ kékeré kan ń gbóná nínú agbo ilé náà. Àwọn kan bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Àgbébọ̀ ń kọ, ọmọ ń ṣàìsàn, ta ni ó ni àgbébọ̀?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, tí ìyá náà ti pọ̀n sẹ́yìn nígbà tó wà ní kékeré, wá dúró níwájú rẹ̀. Ó ní: "Ìyá, ẹ sọ òótọ́ fún wa. Kí ni ẹ fi adìẹ yìí ṣe?" Ìyá náà kò lè dáhùn. Ó wọ inú yàrá lọ, ó jókòó sí orí ẹní. Lẹ́yìn náà, ó sọ fún mi pé láti ọjọ́ tí ọkọ òun ti kú, kò sí ọ̀rọ̀ tó dun òun tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ẹ̀kọ́ ìwé ni ọjọ́ náà. Mo dé, mo bá ilé ní rúdurùdu. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn yìí sílẹ̀ díẹ̀. N ó padà sí i. Ohun tí mo sọ fún wọn ní ọjọ́ náà ni mo fẹ́ sọ fún yín nísinsìnyí. Ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní ibi tó jìnnà.

Tòlótòló igbó

Gbogbo wa la mọ tòlótòló. A ń sìn ín, a ń tà á nígbà ọdún. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilẹ̀ wa ni ó ti wá. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Mẹ́síkò ti ń sìn ín tipẹ́tipẹ́ kí òyìnbó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Lẹ́yìn ọdún 1500, àwọn ará Sípéènì gbé e lọ sí Yúróòpù. Láti ibẹ̀, ó bá ọkọ̀ ojú omi kiri títí ó fi tàn dé ọ̀dọ̀ wa.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbátan rẹ̀ ṣì wà nínú igbó títí di òní. Kò sí ẹni tó ń sìn wọ́n. Wọ́n ń sùn lórí igi ní alẹ́. Ní ọ̀sán, wọ́n ń ṣa èso àti kòkòrò jẹ nílẹ̀. Wọ́n ń fò dáadáa. Ojú wọn mú, etí wọn sì ń gbọ́ràn. Àwọn ọdẹ ibẹ̀ fẹ́ràn láti máa dọdẹ wọn, bí àwọn ọdẹ tiwa ti ń dọdẹ ẹtù àti àparò.

Báwo ni ọdẹ ṣe ń mọ akọ yàtọ̀ sí abo? Akọ tóbi, ó lè wọ̀n tó kílò 8 tàbí 10. Abo kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Orí akọ pá, ó pupa, ó sì ní àwọ̀ búlúù àti funfun. Ẹran jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ kan rọ̀ sórí imú rẹ̀. Ìyẹ́ àyà rẹ̀ dúdú, ó ń dán. Tí abo ní àwọ̀ ilẹ̀, kí ọ̀tá má baà tètè rí i nígbà tó bá ń sàba. Akọ ní ẹ̀gún líle lẹ́yìn ẹsẹ̀, èyí tó fi ń jà. Akọ ni í na ìrù bí abẹ̀bẹ̀, tí í máa yan, tí í máa ké kúlúkúlú.

Ohun kan tún wà. Irun gígùn kan máa ń hù jáde ní àárín àyà akọ, ó sì ń rọ̀ sílẹ̀ bí ìrùkẹ̀rẹ̀ kékeré. Irùngbọ̀n ni àwọn ọdẹ ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyà ló wà. Irun yìí ni ọdẹ kọ́kọ́ máa ń wò. Bí ó bá ti rí i, ó ti mọ̀ pé akọ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rò.

Òfin ọdẹ

Ní ìgbà tí òtútù bá ti lọ ní ilẹ̀ wọn, tí ewé tuntun ń rú, abo tòlótòló á wá ibi kọ́lọ́fín nílẹ̀. Á yé ẹyin 10 tàbí 12. Á sàba fún ọjọ́ 28. Ẹni tó bá pa abo ní àkókò yẹn, kì í ṣe ẹyẹ kan ló pa. Ó ti pa gbogbo ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1900 sí iwájú, tòlótòló igbó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Amẹ́ríkà. Wọ́n pa á ní àpajù, wọ́n sì gé igbó tó ń gbé. Ìjọba wá fi òfin dáàbò bò ó. Wọ́n ń mú ẹyẹ láti inú igbó tí wọ́n ṣì wà, wọ́n ń tú wọn sílẹ̀ nínú igbó tí wọ́n ti tán. Lónìí, iye wọn ti tún di àràádọ́ta ọ̀kẹ́ lọ́nà púpọ̀. Ìdí nìyí tí òfin fi sọ, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ibẹ̀, pé ní àkókò ìyé ẹyin, kí ọdẹ fi abo sílẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn. Ọdẹ jókòó sí ìdí igi kí ojúmọ́ tó mọ́. Kò mira, kò húkọ́. Ẹyẹ kan yọ láàárín ewé. Ọdẹ wo àyà rẹ̀, ó rí irùngbọ̀n. Ó yìnbọn. Ó sáré lọ gbé e. Ó wá rí i pé orí ẹyẹ náà kéré, ìyẹ́ àyà rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀, kò sì ní ẹ̀gún lẹ́yìn ẹsẹ̀. Ó la inú rẹ̀. Ó bá ẹyin níbẹ̀.

Abo ni. Abo tó ní irùngbọ̀n ni.

Irú wọn kò ṣọ̀wọ́n tó bí a ti lè rò. Ní àwọn ibì kan, nínú 100 abo, wọ́n lè tó 10. Ní ibòmíràn wọn kò tó bẹ́ẹ̀. Irun tiwọn máa ń tín-ín-rín, ó sì máa ń kúrú ju ti akọ lọ. Èyí tó tún ní ẹ̀gún lẹ́yìn ẹsẹ̀ ló ṣọ̀wọ́n. Èyí tó ń yan tó sì ń ké bí akọ, òun ló ṣọ̀wọ́n jù lọ.

Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, òfin kò dá ọdẹ tó bá pa abo onírùngbọ̀n lẹ́bi, nítorí pé ohun tí òfin sọ ni pé kí ọdẹ wo irun àyà. Síbẹ̀, àwọn tó ń tọ́jú ẹranko igbó máa ń bẹ àwọn ọdẹ. Wọ́n ní: bí ẹ bá ti mọ̀ pé abo ni, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó lọ. Irun yẹn kò ní kí ó má yé, kò ní kí ó má pamọ. Ìyá ọmọ ni.

Ohun tó wà nínú ara ẹyẹ

Ẹ jẹ́ kí a ya ohun méjì sọ́tọ̀ nísinsìnyí.

Èkíní ni abo tó ní irùngbọ̀n, ṣùgbọ́n tó ń yé, tó ń sàba. Kò sí ohun tó ṣe é. Bí ara tirẹ̀ ti rí nìyẹn. Àwa náà mọ àwọn ìyá tí irun díẹ̀ hù ní àgbọ̀n wọn. Wọ́n bímọ, wọ́n wo ọmọ. Ta ni yóò sọ pé wọn kì í ṣe obìnrin?

Èkejì ni abo tó ti ń yé tẹ́lẹ̀, tí kò wá yé mọ́, tó wá ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Ara akọ ń yọ lára rẹ̀. Èyí ni ti àgbébọ̀ ìyá àgbà wa. Kí ló fa á?

Ẹ̀yin tí ẹ ti la inú adìẹ rí, ẹ óò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Nínú àkùkọ, kóró ẹpọ̀n méjì wà lẹ́bàá ọ̀pá ẹ̀yìn, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá la àgbébọ̀, ilé ẹyin kan ṣoṣo ni ẹ óò bá, ìhà òsì ló sì wà. Òun ni ibi tí àwọn ẹyin wẹ́wẹ́ tí wọn kò tíì ní èèpo so mọ́ bí èso. Ti ọ̀tún ńkọ́? Ó wà níbẹ̀ láti inú ẹyin, ṣùgbọ́n kò dàgbà. Ó rí bí wóró kékeré tí a gbìn tí kò hù.

Ilé ẹyin ti òsì yìí ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń ṣe ẹyin. Ó sì ń tú omi kan sínú ẹ̀jẹ̀. Omi náà kéré, ojú kò lè rí i, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀. Òun ló ń sọ fún ìyẹ́ pé kí ó rí bí ìyẹ́ abo. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹ̀gún ẹsẹ̀ gùn. Òun náà ni kì í jẹ́ kí wóró ti ọ̀tún hù.

Bí àìsàn bá mú ilé ẹyin náà, tàbí kókó hù sí i, tàbí ogbó bà á jẹ́, omi yẹn á dínkù. Nígbà náà, wóró ti ọ̀tún tó ti sùn látọjọ́ lè jí. Nígbà tó bá jí, kì í di ilé ẹyin. Ó máa ń fẹ́ jọ kóró ẹpọ̀n. Á bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi ti akọ sínú ẹ̀jẹ̀. Ògbe á tóbi. Ẹ̀gún á yọ lẹ́sẹ̀. Bí adìẹ bá pa ìyẹ́ dà, ìyẹ́ tuntun lè jọ ti àkùkọ. Ohùn á yí padà. Á na ọrùn, á kọ.

Àwọn bàbá wa sọ pé: "Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀." Ẹ ò rí i bí òwe náà ti bá ọ̀rọ̀ yìí mu? Àìsàn ti wà nínú àgbébọ̀ tipẹ́. Ìyẹ́ ló bò ó.

Ohun kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Nígbà mìíràn, àgbébọ̀ kò ṣàìsàn rárá. Bí kò bá sí àkùkọ nínú agbo adìẹ, àgbébọ̀ tó lágbára jù nínú wọn lè máa ṣe bí ọ̀gá, kí ó sì máa kọ. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àkùkọ ni láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa ni a ṣì í mú fún àgbébọ̀ nígbà tó kéré. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ẹyin ní ń di àkùkọ.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀

Kì í ṣe àwa nìkan ni irú nǹkan yìí ń dẹ́rù bà. Ní ọdún 1474, ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland, wọ́n ní àkùkọ kan yé ẹyin. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Adájọ́ dá ẹyẹ náà lẹ́bi, wọ́n sì dáná sun ún níwájú gbogbo ìlú. Àwọn òyìnbó ló ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo inú ẹyẹ dípò kí wọ́n sun ún. Ní ọdún 1780, dókítà kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, John Hunter, kọ̀wé nípa abo ẹyẹ tó ń gbé aṣọ akọ wọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa abo ọ̀kín kan tí obìnrin ọlọ́lá kan ń sìn. Abo náà ti pamọ nígbà 8. Nígbà tó tó ọmọ ọdún 11, ó pa ìyẹ́ dà, ó sì yọ ìyẹ́ akọ. Ẹnu ya gbogbo ilé. 

Ní ọdún 1923, onímọ̀ kan ní ìlú Edinburgh, F. A. E. Crew, kọ ti àgbébọ̀ kan tó ti yé ẹyin, tó ti pamọ, tó sì wá yí padà débi pé ó di bàbá ọmọ adìẹ 2. Irú èyí ṣọ̀wọ́n gidigidi. Púpọ̀ nínú àwọn tó bá yí padà, wọn kì í yé mọ́, wọn kì í sì di bàbá. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n la inú àgbébọ̀ yẹn, wọ́n bá kókó ní ibi tí ilé ẹyin rẹ̀ wà. Àìsàn ni. Kò sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá àgbà

Nígbà tí mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tán fún àwọn ará ilé náà, baálé dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní: "Ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu. Ojú wa ni a fẹ́ fi rí i." Ìyá àgbà jáde láti inú yàrá. Ó ní: "Adìẹ mi ni. Kò yé mọ́. Ẹ pa á, kí ẹ là á níwájú gbogbo ènìyàn."

Wọ́n pa á. Ọdẹ kan ló fi ọ̀bẹ là á. Ìhà òsì ni a kọ́kọ́ wò. Ilé ẹyin ti bàjẹ́. Kókó líle kan ló wà níbẹ̀, ó tóbi tó èkùrọ́. A wo ìhà ọ̀tún. A rí wóró funfun kan, ó gùn bí hóró ìrẹsì. Ọdẹ náà na ọwọ́ sí i. Ó ní: "Ohun tí a máa ń rí nínú àkùkọ rèé." Baálé tẹ̀ síwájú, ó wò ó fínnífínní. Ó mi orí.

Mo wá béèrè ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ rèé, ẹnikẹ́ni kò sì tíì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé adìẹ ni gbogbo ilé ń bá jà. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, bàbá ọmọ gbé e sẹ́yìn alùpùpù. Ní ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ibà ni. Wọ́n fún un ní oògùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó ti ń sáré kiri inú ọgbà.

Ẹ̀yin ará wa, ibi tí ọ̀rọ̀ ti wúwo nìyí. Kò sí ibi tí àgbébọ̀ yẹn ṣe fún ọmọ náà. Ọjọ́ mẹ́ta tí a fi ń bá ìyá àgbà jà ni ìbá pa á.

Ọ̀dọ́mọkùnrin tó bi ìyá náà ní ìbéèrè wá dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ní: "Ìyá, ẹ foríjì mí." Ìyá náà fi ọwọ́ kàn án lórí. Ó ní: "Dìde, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, kí o kọ́kọ́ wo inú adìẹ, kí o tó sọ pé o mọ inú mi."

Ohun tí a lè ṣe

Bí àgbébọ̀ yín bá kọ ní ọ̀la, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ má sá, ẹ má pariwo. Ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ṣé ó ń yé ẹyin tẹ́lẹ̀? Ìgbà wo ló ti dáwọ́ dúró? Ṣé àkùkọ wà nínú agbo?

2. Bí ó bá ń jẹun, tí ara rẹ̀ le, ẹ lè fi í sílẹ̀. Bí kò bá yé mọ́, tí ẹ sì fẹ́ pa á, ẹ pa á. Kì í ṣe èèwọ̀ ni ó ń ṣe.

3. Bí ẹ bá là á, tí ẹ rí kókó tàbí ìjẹrà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ ẹ́. Ẹ gbẹ́ kòtò jíjìn, kí ẹ sin ín. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ.

4. Bí adìẹ púpọ̀ bá ń kú lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ẹ má fi ọwọ́ lásán kàn wọ́n, ẹ má tà wọ́n, ẹ má jẹ wọ́n. Ẹ ránṣẹ́ pe òṣìṣẹ́ ìlera ẹranko kíákíá.

5. Bí ara ọmọ bá ń gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọ̀rọ̀ adìẹ.

6. Ẹ má torí ẹyẹ fẹ̀sùn kan ènìyàn. Ẹyin tó bá fọ́, a lè wá òmíràn. Orúkọ ìyá arúgbó tí a bá bà jẹ́, ta ni yóò tún un ṣe?

Ẹ̀yin ọdẹ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. Nínú igbó tiwa, akọ ẹtù àti abo ẹtù jọra púpọ̀, igbe wọn ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹyẹ tó bá wà lórí ẹyin, irú èyí tó wù kó jẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ kí ó pamọ. Ọdẹ tó bá jẹ́ kí ìyá ó pamọ lónìí yóò rí ẹran pa lọ́dún tó ń bọ̀.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ ìkàwé

Ẹ ka àwọn ìbéèrè yìí sókè, kí ẹ jọ dáhùn wọn. Kí ni àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fi ń mọ akọ tòlótòló? Kí ló dé tí ó fi lè tàn wọ́n jẹ? Ìhà wo ni ilé ẹyin adìẹ wà? Ọjọ́ mélòó ni ọmọ náà fi ṣàìsàn kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn? Ṣé irú ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ rí ní abúlé tiyín? Ta ni wọ́n fẹ̀sùn kàn?

Bí ìyá àgbà kan bá wà nítòsí yín tí kò mọ̀wé, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí fún un. Ó lè wúlò fún un lọ́jọ́ kan.